Ìjánu ni Sípíkà Wa Ń Fẹ́, Kì í Ṣe Agbára

Ní Abẹ́òkúta níbí, owó tí à ń ná sórí sípíkà ń pọ̀ sí i, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó ń tinú rẹ̀ jáde kò yé ènìyàn ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ẹ dé òde ìnáwó lọ́jọ́ Sátidé, láti Àdìgbẹ́ títí dé Pańṣẹ́kẹ́. Wọ́n á ti to sípíkà lé ara wọn lọ́tùn-ún lósì, ìlù á máa dún débi pé ife orí tábìlì á máa gbọ̀n. Kí alága ìjókòó wá pe orúkọ ẹbí tó kàn, àwọn tó wà lẹ́yìn á yíjú síra wọn: "Ta ni wọ́n pè?" Ọ̀pọ̀ ló gbà pé sípíkà ọ̀hún ni kò tó, pé kí wọ́n tún gbé méjì kún un nígbà mìíràn. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Agbára kọ́ ló wọ́n àwọn sípíkà wa. Ìjánu ni wọn kò ní.

Iṣẹ́ tí mo ń ṣe jẹun nìyí. Ṣọ́ọ̀bù mi wà ní Àdìgbẹ́, mo ń tún sípíkà ṣe, mo sì ń yá a fún ẹni tó bá ń ṣe ìsìnkú, ìgbéyàwó, ìkómọ tàbí ìwúyè. Ọjọ́ Ajé ni mo máa ń rí oníbàárà jù, nítorí pé ohun tó bá bàjẹ́ ní òde Sátidé àti ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Ìsinmi, àárọ̀ ọjọ́ Ajé ni wọ́n ń gbé e wá. Ohun tí ojú mi ń rí nínú àwọn sípíkà yìí ni mo fẹ́ sọ fún gbogbo yín, ẹ̀yin tí ẹ ń yá a, ẹ̀yin ìgbìmọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí tí ẹ ń rà á, àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi tí ẹ ń fi í ṣiṣẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n ṣí ọ̀kan hàn yín. Wúfà oní-ínǹṣì 15 ni, irú èyí tó pọ̀ jù nígboro. Kí n tó fi abẹ kàn án, màá kọ́kọ́ tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì sórí kọ́ọ̀nù rẹ̀, màá tì í wọlé jẹ́jẹ́, màá sì tẹ́tí. Bó bá wọlé wẹ́rẹ́, tó padà wẹ́rẹ́, kọ́ìlì rẹ̀, ìyẹn wáyà tí wọ́n wé sẹ́yìn kọ́ọ̀nù, ṣì dúró tọ́. Bí mo bá gbọ́ pé ó ń ha gàrà-gàrà, kọ́ìlì ti ń fara gbo irin. Lẹ́yìn náà ni màá fi míta sí i. Sípíkà tí wọ́n kọ ómù 8 sí lẹ́yìn, nǹkan bí 6 ni míta máa ń kà lórí rẹ̀ bí ara rẹ̀ bá dá. Bí míta kò bá mira rárá, wáyà inú ti já nìyẹn.

Ìgbà náà ni abẹ tó kan etí rọ́bà àti sipáídà, ìyẹn aṣọ tó di kọ́ìlì mú láàrin. Mo bá fa kọ́ìlì yọ. Ara kọ́ìlì yìí ni mo ti ń ka ohun tó ṣẹlẹ̀ lóde lọ́jọ́ Sátidé, bí mi ò tiẹ̀ sí níbẹ̀. Bí wáyà bá ti dúdú, tí gọ́ọ̀mù tó mú un ti hó, tí òórùn jíjó sì ń ta sí mi nímú, ooru ló pa á. Bí wáyà bá ṣì pupa rẹ́súrẹ́sú, ṣùgbọ́n tí etí ìsàlẹ̀ páálí tí wọ́n wé e mọ́ ti fọ́, tó ti wó wọ inú ara rẹ̀, a jẹ́ pé ìkọlù ló pa á. Wọ́n ti lé e kọjá ibi tó lè rìn dé, ó sì lọ forí gbá irin ẹ̀yìn. Ikú méjì yìí ni mo ń bá pàdé lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Kò sí èyí tó jẹ́ àmúwá Ọlọ́run nínú méjèèjì.

Bí sípíkà ṣe ń ṣiṣẹ́ kò ṣòro. Kọ́ìlì wà nínú àlàfo tóóró kan láàrin òòfà. Iná tó ti ọ̀dọ̀ áńpù wá á wọ kọ́ìlì, òòfà á tì í síwájú, á fà á sẹ́yìn, kọ́ọ̀nù tó so mọ́ ọn á máa ti afẹ́fẹ́, afẹ́fẹ́ á sì gbé ohùn dé etí wa. Chester Rice àti Edward Kellogg, tí wọ́n jẹ́ ẹnjiníà ní General Electric ní Amẹ́ríkà, ló ṣàlàyé irú sípíkà yìí fáráyé ní 1925. Ọgọ́rùn-ún ọdún ti kọjá lórí rẹ̀, òun náà ló ṣì wà nínú àpótí tí mo ń yá fún yín.

Ibi tí wàhálà ti bẹ̀rẹ̀ ni pé ara sípíkà kì í jẹ́ bákan náà ní gbogbo ibi tó bá rìn dé. Nígbà tí kọ́ìlì bá wà láàrin òòfà gan-an, òòfà dì í mú dáadáa. Bó bá rìn jáde tó mìlímítà mélòó kan, apá kan lára rẹ̀ ti kúrò nínú àlàfo, òòfà kò sì rí i tì tó mọ́. Rọ́bà etí àti sipáídà náà á ti nà gan, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í dá a dúró. Nítorí náà, iná tó wọlé lè jẹ́ 10, kí ìrìn tó jáde má ju 8 lọ. Ohùn tó jáde kò dà bí èyí tó wọlé mọ́. Ohun tí à ń pè ní ohùn fífọ́ nìyẹn, kò sì dìgbà tí nǹkan kan bá ya kó tó ṣẹlẹ̀. Sípíkà tuntun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tú nínú páálí ń ṣe é.

Ooru ni ìkejì. Nínú 100 wáàtì tí ẹ fún irú wúfà yìí, èyí tó ń di ohùn kì í sábà ju 5 lọ. Gbogbo ìyókù di ooru lára wáyà bàbà tó tín-ín-rín. Bí bàbà bá sì ti ń gbóná, bẹ́ẹ̀ ni kì í jẹ́ kí iná kọjá geere mọ́. Kọ́ìlì tó jẹ́ ómù 6 ní òwúrọ̀, bí ooru rẹ̀ bá fi 100 dígírì ròkè, á ti di ómù 8.3. Agbára tó ń gbà láti ọ̀dọ̀ áńpù kan náà á ti dín ju ìdá mẹ́rin kan lọ. Ìdí nìyí tí ohùn fi máa ń rẹlẹ̀ bí òde bá ti pẹ́, tí ẹni tó wà nídìí míksà á sì tún yí i sókè, tí kọ́ìlì á tún gbóná sí i.

Ohùn ìsàlẹ̀ ló ń fa èyí tó pọ̀ jù nínú ìrìn yìí. Bí kọ́ọ̀nù bá ń rin mìlímítà 2 kó tó dún dáadáa ní hertz 80, ìyẹn kó gbọ̀n nígbà 80 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, kó tó lè dún bákan náà ní hertz 40, ó gbọ́dọ̀ rin mìlímítà 8. Ohùn tó bá fi ìlàjì rẹlẹ̀ ń béèrè ìrìn ìlọ́po mẹ́rin. Àpótí bẹ́ésì tó ní ihò níwájú tún ní tirẹ̀: bí ohùn bá ti rẹlẹ̀ ju ìwọ̀n tí wọ́n fi ihò náà ṣe lọ, afẹ́fẹ́ inú àpótí kì í di kọ́ọ̀nù mú mọ́. Kọ́ọ̀nù á máa sọ síwá sẹ́yìn lófìfo, etí ò ní fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ nǹkan kan, kọ́ìlì á sì ti máa fẹ̀yìn gbá irin.

Ẹ wá wo ohun tí èyí ń ṣe sí ọ̀rọ̀. Nínú kọ́ọ̀nù kan náà ni bẹ́ésì àti ohùn akọrin jọ ń gbé. Bí bẹ́ésì hertz 50 bá ti kọ́ọ̀nù dé ibi tó ń fọ́ yẹn, tí akọrin sì ń kọ ohùn kan tó jẹ́ hertz 400, sípíkà á fi ohùn tirẹ̀ kún un: 350 àti 450, tí ẹnikẹ́ni kò kọ. Bí ìlù bá ṣe pọ̀ tó, tí àwọn tó ń kọrin bá ṣe pọ̀ tó, bẹ́ẹ̀ ni àwọn àlejò tí a kò pè yìí ṣe ń pọ̀ sí i. Wọ́n á bo kọ́ńsónáǹtì mọ́lẹ̀, àwọn ìró tó wà ní bí hertz 2,000 sí 4,000 tí etí fi ń mọ ọ̀rọ̀ kan yàtọ̀ sí èkejì. Wọ́n á dí àárín gángan àti ẹni tó ń bá a kọrin.

Ọ̀rọ̀ yìí dùn mí nítorí pé orin ilẹ̀ wa kì í ṣe orin tí ènìyàn kàn ń jó sí. Àpàlà Àyìnlá Ọmọwúrà, ọmọ Ìtòkò níbí, ẹni tó kú ní ọjọ́ 6 oṣù karùn-ún ọdún 1980, ọ̀rọ̀ ni láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Túndé Kèlání fi ìgbésí ayé rẹ̀ ṣe fíìmù ní 2021, ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tí wọn kò bá a láyé sì ti mọ orúkọ rẹ̀. Bí díjéè bá fi àwo rẹ̀ sórí ẹ̀rọ lónìí, tó fi bẹ́ésì tí kò sí nínú àwo náà kún un títí kọ́ọ̀nù fi ń gbọ̀n, ìlù tó ń sọ̀rọ̀ àti ohùn tó ń dá a lóhùn á di ohun kan náà. Ẹ̀rọ kò sì tìtorí èyí wọ inú orin wa. Ní ìparí àwọn ọdún 1940, nígbà tí Àyìndé Bákàrè, olórin jùjú, àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ so gìtá mọ́ iná, ohun tó ṣe jùjú lóore ni pé ohùn àti gìtá lè borí ìlù, wọ́n sì rí àyè fi gángan kún un láìpa ọ̀rọ̀ run. Kí ọ̀rọ̀ lè jáde ni a ṣe gba ẹ̀rọ láàyè.

Àwọn kan á ní kí a ra áńpù tó lágbára sí i. Ẹ gbọ́ bí ìṣirò rẹ̀ ṣe rí. Bí ẹ bá sọ agbára áńpù di ìlọ́po méjì, dẹ́síbẹ̀lì 3 péré ni yóò fi kún un, etí ò sì ní fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ ọ́n. Kí etí tó gbà pé ohùn ti di ìlọ́po méjì, agbára náà máa tó ìlọ́po mẹ́wàá. Ní gbangba ìta, ẹni tó bá sì jìnnà ní ìlọ́po méjì pàdánù dẹ́síbẹ̀lì 6. Nítorí náà, ẹni tó fi owó ńlá ra agbára kún agbára, ohun tó rà jù ni ooru. Áńpù kékeré tí wọ́n ń lò kọjá agbára rẹ̀ kò sì sàn jù ú lọ. Bí ohùn bá ti ju agbára rẹ̀ lọ, ṣe ni áńpù á gé e lórí, ohùn tó gé lórí yẹn á sì máa gbé ooru lọ bá kọ́ìlì àti twítà, sípíkà kékeré tó ń gbé ohùn òkè, láìdáwọ́ dúró. Mo ti bá twítà tó jó pàdé ju bí mo ṣe lè kà lọ, lára áńpù tí olówó rẹ̀ fi dá mi lójú pé kò lágbára tó láti ba nǹkan kan jẹ́.

Ibi tí ìtọ́jú wà ni kí ohùn tó dé ọ̀dọ̀ áńpù rárá. Àpótí kékeré kan wà tí àwa onísípíkà ń pè ní prósẹ́sọ̀. Ó ń jókòó sáàrin míksà àti áńpù, kọ̀ǹpútà kékeré ló wà nínú rẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni láti ṣètò ohùn kó tó di iná ńlá. Ó ń ṣe ohun mẹ́ta tí gbogbo òde wa nílò.

Àkọ́kọ́, ó ń gé ohùn ìsàlẹ̀ tí kò wúlò. Ohùn ọkùnrin tó ń sọ̀rọ̀ kì í sábà rẹlẹ̀ ju hertz 80 lọ, ti obìnrin ga ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tí máìkì bá gbé lábẹ́ ìyẹn, ẹsẹ̀ tó ń gbá pèpéle ni, atẹ́gùn ni, ọwọ́ tó ń ra lára máìkì ni. Bí ẹ bá gé e kúrò, kò sí ọ̀rọ̀ kankan tó bá a lọ, kọ́ọ̀nù á sì sinmi. Ìkejì, ó ń pín iṣẹ́ fún oníṣẹ́: ìsàlẹ̀ fún àpótí bẹ́ésì, àárín fún wúfà, òkè fún twítà, kí bẹ́ésì má bàa máa ti ohùn akọrin kiri. Ìkẹta ni ìjánu gan-an, èyí tí wọ́n ń pè ní límítà. Ẹ ó sọ fóòtì tí sípíkà lè gbà fún un. Bí ohùn bá fẹ́ kọjá ibẹ̀, á fà á padà kí ọmọ aráyé tó ṣẹ́jú.

Kí n fi iye hàn yín. Sípíkà 400 wáàtì, ómù 8, nǹkan bí fóòtì 57 ni 400 wáàtì yẹn lára rẹ̀. Èmi kì í jẹ́ kó kọjá fóòtì 40 nínú òde tó máa pẹ́, ìyẹn 200 wáàtì. Ohun tí etí pàdánù jẹ́ dẹ́síbẹ̀lì 3, ẹnikẹ́ni kì í béèrè rẹ̀. Ohun tí kọ́ìlì jèrè ni ìlàjì ooru.

Bẹ́ẹ̀ ni ti họ́ọ̀nù, èyí tí à ń gbé sókè mọ́ṣáláṣí àti ilé kéú. Irin tó ṣẹ́ po bí agogo yẹn, kò lè gbé ohùn tó rẹlẹ̀ ju nǹkan bí hertz 300 lọ jáde dáadáa, ibi yòówù tí a gbé e sí. Àwọn ènìyàn á sì máa fi gbogbo ohùn ránṣẹ́ sí i, títí kan ìsàlẹ̀ tí kò lè lò. Awọ pẹlẹbẹ tó wà nínú rẹ̀ á máa gbọ̀n jìgìjìgì lórí ohun tí kò ní dé etí ẹnikẹ́ni, ìró ìpè ìrun á sì máa ha. Bí ẹ bá gé ohùn náà ní hertz 300 kó tó dé áńpù, ìpè ọ̀hún á mọ́ kedere, ẹ ó sì lè yí i sílẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹ̀yin ìgbìmọ̀, kí ẹ tó dá owó họ́ọ̀nù tuntun, ẹ kọ́kọ́ ṣe èyí.

Àwọn tó jinlẹ̀ nínú ìmọ̀ yìí ti lọ jìnnà ju gígé àti ìjánu lọ. Ní orílẹ̀-èdè Netherlands, ilé-iṣẹ́ Philips ta àpótí sípíkà kan ní àwọn ọdún 1970 tí wọ́n lẹ ohun èlò kékeré mọ́ kọ́ọ̀nù rẹ̀. Ohun èlò náà ń sọ fún áńpù bí kọ́ọ̀nù ṣe rìn ní tòótọ́, áńpù á fi wé bó ṣe yẹ kó rìn, á sì tún un ṣe lójú ẹsẹ̀. Wolfgang Klippel ní Jámánì gba ọ̀nà mìíràn. Nínú iṣẹ́ ìwádìí tó tẹ̀ jáde ní 1992, ó fi hàn pé bí a bá ti wọn ara sípíkà, tí a mọ ibi tí òòfà ti ń dẹwọ́ àti ibi tí sipáídà ti ń le, a lè fi òdìkejì àṣìṣe rẹ̀ sínú ohùn ṣáájú. Ká ní agbára òòfà lọ sílẹ̀ sí 80 nínú 100 bí kọ́ìlì bá ti rin mìlímítà 5. Ẹ̀rọ á fi ìdá 25 nínú 100 kún iná ní ìṣẹ́jú yẹn gan-an, 80 á sì padà di 100. Àṣìṣe bá àtúnṣe rẹ̀ pàdé, wọ́n sì pa ara wọn.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé ọ̀rọ̀ òkè òkun lèyí. Láti nǹkan bí ọdún 2013 ni irú áńpù ọlọ́gbọ́n bẹ́ẹ̀ ti ń wọ inú fóònù. Sípíkà inú fóònù kò tó èékánná, síbẹ̀ ó ń dún ju ara rẹ̀ lọ, nítorí pé áńpù rẹ̀ ń wọn fóòtì àti iná tó ń wọ kọ́ìlì láìsinmi, ó ń mọ bó ṣe gbóná tó àti bó ṣe ń rìn tó, kì í sì í jẹ́ kó kọjá ààlà. Sípíkà tó wà nínú àpò ọmọ ilé-ìwé ní ẹ̀ṣọ́. Èyí tí gbogbo ìjọ dáwó ra kò ní.

Mo gbọ́dọ̀ sọ ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Kò sí prósẹ́sọ̀ tó lè rán kọ́ọ̀nù tó ya. Kọ́ìlì tó bá ń fara gbo irin, abẹ àti gọ́ọ̀mù ni ìtọ́jú rẹ̀. Àpótí tí pákó rẹ̀ ti tú, tí ìṣó rẹ̀ ń dún kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́, káfíńtà ló ni ín. Àtúnṣe irú ti Klippel náà ń jẹ iná sí i, kò lè fún kọ́ìlì ní ìrìn tí irin kò fún un. Gbọ̀ngàn tí ògiri rẹ̀ ń dá ohùn padà á ṣì máa dá a padà. Ohun tí mo ń sọ ni pé sípíkà tí ara rẹ̀ dá, tí a bá ń lò ó pẹ̀lú ètò, yóò sọ̀rọ̀ tó yé ènìyàn, yóò sì pẹ́ láyé.

Ọ̀rọ̀ àwọn aládùúgbò náà wà níbẹ̀. Òfin tí ìjọba àpapọ̀ gbé jáde lórí ariwo ní 2009 wà nílẹ̀. Ní 2016, ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì bí 70 àti mọ́ṣáláṣí bí 20 pa nítorí ariwo. Ní 2022, Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé níbi ayẹyẹ tí ẹ̀rọ ti ń dún, kí ìpíndọ́gba ohùn má kọjá dẹ́síbẹ̀lì 100 láàrin ìṣẹ́jú 15. Mo bá àwọn tó ń bínú sí ariwo kẹ́dùn, nítorí mo mọ bó ṣe ń ṣẹlẹ̀. Ọ̀rọ̀ kò yé ẹni tó wà lẹ́yìn, ó sọ pé kí wọ́n yí i sókè. Wọ́n yí i sókè, ó túbọ̀ fọ́, kò tún yé e, wọ́n tún yí i. Ohùn tó mọ́ ló lè dá àyíká yìí dúró. Ẹni tí ọ̀rọ̀ bá ti yé kì í béèrè fún ariwo.

Mo wá dé orí ohun tí mo fẹ́ kí ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi gbọ́ jù lọ. Àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe sípíkà máa ń kọ ìwọ̀n tí ó yẹ kí a fi sínú prósẹ́sọ̀ sínú ìwé rẹ̀. Láti ìgbà iṣẹ́ Neville Thiele ní Australia ní 1961 àti ti Richard Small ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970 ni wọ́n ti ń fi ìwọ̀n díẹ̀ ṣe àpèjúwe ara sípíkà. Ìwé yẹn dára, fún sípíkà tí ẹnikẹ́ni kò tíì fọwọ́ kàn. Ṣùgbọ́n èwo nínú sípíkà wa ni a kò tíì fọwọ́ kàn? Kọ́ìlì tí mo bá wé, wáyà tó wà lọ́jà ni mo fi wé e. Sipáídà tí mo lẹ̀ mọ́ ọn lè le ju ti àkọ́kọ́ lọ, ó sì lè rọ̀ jù ú lọ. Nígbà tó bá fi máa jáde ní ṣọ́ọ̀bù mi, orúkọ ilé-iṣẹ́ ṣì wà lẹ́yìn rẹ̀, ara rẹ̀ ti di ti Àdìgbẹ́. Ẹni tó bá fi ìwọ̀n ilé-iṣẹ́ dè é ń de ẹlòmíràn.

Ta ló wá mọ ìwọ̀n tuntun yẹn? Ẹni tó ṣí i. Nígbà tí kọ́ìlì wà lọ́wọ́ mi, mo lè fi rúlà wọ̀n ọ́n: bí wáyà tí mo wé bá ga ní mìlímítà 18, tí irin àlàfo sì nípọn ní 8, ìyàtọ̀ wọn jẹ́ 10, ìlàjì rẹ̀ jẹ́ 5. Mìlímítà 5 síwájú, 5 sẹ́yìn, ibẹ̀ ni ọwọ́ òòfà ti ń tó o dáadáa mọ. Bí mo bá ti lẹ̀ ẹ́ pa, ojú ẹnikẹ́ni ò tún lè rí i mọ́. Wíwọn hertz tí sípíkà ti ń gbọ̀n jù náà kò ṣòro: fóònù tó lè mú ohùn jáde ní hertz tí a bá fẹ́, áńpù kékeré kan, résísítọ̀ ómù 100 kan tí a so tẹ̀lé sípíkà, àti míta. A ó máa yí hertz náà láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, ibi tí míta orí sípíkà bá ti ga jù ni. Iṣẹ́ náà kì í pẹ́, ọmọ iṣẹ́ tó bá lè ka míta lè ṣe é.

Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ pé kí sípíkà kankan má ṣe jáde mọ́ ní ṣọ́ọ̀bù láìní ìwé lẹ́yìn. Ohun márùn-ún ni mo ń kọ sára tèmi báyìí: ómù tí míta kà, hertz tó ti ń gbọ̀n jù, mìlímítà tó lè rìn, hertz tí a kò gbọdọ̀ sọ̀kalẹ̀ jù, àti fóòtì tí a kò gbọdọ̀ kọjá. Ẹni tó wà nídìí prósẹ́sọ̀ á ka ìwé yẹn, á sì fi ìjánu tó bá ẹnu rẹ̀ mu sí i. Mo bẹ àwọn olùkọ́ ẹ̀kọ́ iná ní Moshood Abiola Polytechnic ní Òjéré àti ní yunifásítì FUNAAB pé kí wọ́n ṣílẹ̀kùn yàrá ìwọ̀n wọn fún àwa tí à ń wé kọ́ìlì, kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọn sì wá wo tiwa. Wọ́n ní ẹ̀rọ ìwọ̀n tí àwa kò ní. Àwa ní sípíkà tí ìwé wọn kò sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀.

Àwọn kan nínú wa ń bẹ̀rù pé bí sípíkà kò bá jó mọ́, ebi á pa wá. Mi ò rí i bẹ́ẹ̀. Ẹni tó gbé sípíkà kan náà wá lẹ́ẹ̀mẹta kì í wá lẹ́ẹ̀kẹrin. Ṣe ló máa wá ẹlòmíràn lọ. Wíwọ̀n sípíkà àti títo prósẹ́sọ̀ jẹ́ iṣẹ́ tí ènìyàn ń sanwó fún, kò sì ní òórùn jíjó nínú.

Ẹ̀yin tí ẹ kò mọ nǹkan kan nípa wáyà náà ní ipa tiyín. Bí ẹ bá fẹ́ yá sípíkà, ẹ má béèrè bó ṣe tóbi tó. Ẹ béèrè bóyá prósẹ́sọ̀ wà níbẹ̀ àti ẹni tó máa jókòó tì í. Ẹ̀yin ìgbìmọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ wo míksà yín: lórí ọ̀pọ̀ wọn, bọ́tìnì kékeré kan wà lórí ìlà máìkì kọ̀ọ̀kan tí wọ́n kọ 80 tàbí 100 sí. Ẹ tẹ̀ ẹ́ fún gbogbo máìkì tí ènìyàn ń fi sọ̀rọ̀. Kò ná yín ní kọ́bọ̀. Bí ẹ bá sì gbé sípíkà lọ fún àtúnṣe, ní ọ̀dọ̀ tèmi tàbí ní ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn, kí ẹ tó sanwó, ẹ bi ẹni tó tún un ṣe léèrè pé: "Fóòtì mélòó ni kí n má jẹ̀ẹ́ kó kọjá?" Bí kò bá rí iye kan sọ, iṣẹ́ kò tíì parí. Ẹ di owó yín mú, kí ó lọ wọ̀n ọ́n.